Ìdí tí VLC fi ń ṣí fídíò tí ẹ̀rọ mìíràn kọ̀

Ẹni tó bá ti lo kọ̀ǹpútà ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn á rántí wàhálà yìí: o tẹ fídíò, ohùn ń jáde, àwòrán ò sí. Ẹ̀rọ á ní kí o lọ wá kódẹ́ẹ̀kì kan tí o kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Níbi tí o ti ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fáírọ́ọ̀sì lè bá a wọlé.

Àpótí lásán ni MP4, AVI tàbí MKV tí à ń rí lẹ́yìn orúkọ fáìlì. Inú àpótí náà ni wọ́n fún àwòrán àti ohùn pọ̀ sí, kí wọ́n má baà gba àyè jù. Ìlànà tí wọ́n fi fún wọn, tí a ó sì fi tú wọn, là ń pè ní kódẹ́ẹ̀kì. AVI méjì lè gba ìlànà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan á ṣí, èkejì á kọ̀.

Ohun tí VLC ṣe ni pé ó gbé irinṣẹ́ tirẹ̀ dání. Kò dúró de Windows, Mac tàbí Linux kí ó yá a ní kódẹ́ẹ̀kì. Púpọ̀ nínú ohun tó ń lò wá láti inú FFmpeg, àkójọ kódẹ́ẹ̀kì ọ̀fẹ́ kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo máa fi sórí ẹ̀rọ rẹ, ó parí.

Eré ló bí i. Ní 1996, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale Paris ń fẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó yá, kí wọ́n lè máa fi géèmù ṣeré. Wọ́n wá owó lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ Bouygues, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì ti wọlé: dípò kí oníkálukú ní díìṣì tirẹ̀, kí díìṣì kan máa fún gbogbo ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní àwòrán lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Apá tó ń gba àwòrán náà ló di VLC. Ní 2001, ilé ẹ̀kọ́ náà gbà kí wọ́n fi í síta lábẹ́ àṣẹ GPL, lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe.

Mo gbà pé òfin ràn wọ́n lọ́wọ́ tó bí ọgbọ́n ṣe ràn wọ́n. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń fi ẹ̀tọ́ pátẹ́ǹtì gbowó lórí kódẹ́ẹ̀kì bíi H.264, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Faransé kò ka sọ́fítíwíà lásán mọ́ ohun tí ènìyàn lè gba irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lé lórí. Paris sì ni VideoLAN, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó VLC, fìdí kalẹ̀ sí. Jean-Baptiste Kempf, olórí wọn, ti sọ pé àwọn kan fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù yúrò lọ òun kí òun gba ìpolówó sínú VLC. Ó kọ̀.

Ní ti fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì, Flash, àfikún kan tí à ń fi sínú bíráúsà, ni ọ̀pọ̀ wa ń lò tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iPhone kò gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní January 2015, YouTube fi HTML5 rọ́pò rẹ̀, èyí tí Chrome àti Firefox lè fi ṣí fídíò láìsí àfikún kankan. Adobe pa Flash tì ní ìparí 2020. Àríyànjiyàn wá kù sórí kódẹ́ẹ̀kì fúnra rẹ̀. Google, Mozilla, Netflix àti àwọn mìíràn para pọ̀ gbé kódẹ́ẹ̀kì AV1 jáde ní 2018, láìgbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ fóònù àtijọ́ kò ní ṣíìpù tó ń tú u, ọpọlọ fóònù fúnra rẹ̀ ló máa ṣe iṣẹ́ náà, bátìrì á sì tètè lọ sílẹ̀.