Ibi tí ajá ń lá kọ́ ni àrùn wà

Ó lè jẹ́ pé láàárọ̀, nígbà tí ẹ bu oúnjẹ sínú abọ́ Alsatian yín, kò sí ohun tó ṣe é. Kí ẹ tó ti ibi iṣẹ́ dé, irun ti já kúrò ní ìbàdí rẹ̀, awọ ibẹ̀ ti bó, ó pọ́n, ó ń sun omi, ó sì ń rùn. Egbò náà lè fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ẹnì kan ló da omi gbígbóná sí ajá lára. Kò sẹ́ni tó ṣe é ní nǹkan. Ajá náà ló fi eyín àti ahọ́n ara rẹ̀ dá egbò sí ara rẹ̀, láàárín wákàtí díẹ̀.

Hot spot ni àwọn dókítà ẹranko ń pè é. Ìgbà ooru àti ọ̀rinrin ló máa ń pọ̀ jù, àwọn ajá tí irun wọn ki ló sì máa ń bá jà: Alsatian, Golden Retriever, Labrador, Rottweiler, Saint Bernard. Ajá ìbílẹ̀ wa tí irun rẹ̀ kúrú ń rí atẹ́gùn sí awọ ara. Orí òkè Alps tí yìnyín bò ni Saint Bernard ti wá ní tirẹ̀. Àwa la gbé e wá sí Lẹ́kí àti Bódìjà, tí a tún ń wẹ̀ ẹ́ láìnu ún gbẹ.

Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Nǹkan kan yún ajá, ó họ ọ́, ó fi eyín họ ọ́, ó lá a, òkè awọ sì bó. Omi ara ń sun jáde, itọ́ pò mọ́ ọn, irun tó ki bò ó mọ́lẹ̀, kò sì jẹ́ kó gbẹ. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Staphylococcus pseudintermedius, tó máa ń gbé jẹ́ẹ́ lára ajá tí ara rẹ̀ dá, á wá rí àyè bí sí i. Awọ á wú, á máa ta á. Bó ṣe ń yún un ni yóò máa lá a, bó sì ṣe ń lá a ni yóò máa yún un.

Ẹ ó ti gbọ́ ọ rí pé itọ́ ajá ni oògùn egbò rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní 1990, Benjamin Hart àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Yunifásítì California tó wà ní Davis tẹ ìwádìí kan jáde lórí itọ́ ajá. Wọ́n rí i pé ó ń pa E. coli àti Streptococcus canis, bakitéríà méjì tó máa ń dá ẹ̀mí ọmọ ajá tuntun légbodò. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan staphylococcus, agbára itọ́ náà kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ìdílé staphylococcus yìí gan-an ló ń ṣọṣẹ́ nínú hot spot. Ìyá ajá tó ń lá ọmọ rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ajá tó ń lá ìbàdí rẹ̀ kàn ń bomi rin egbò ni.

Dókítà tó mọṣẹ́ máa ń wo ibi tí egbò wà dáadáa. Bó bá jẹ́ lábẹ́ etí tàbí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, inú etí ni yóò yẹ̀ wò, nítorí etí tó ń ṣọyún sábà máa ń mú ajá họ ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdí ìrù, àwọn kòkòrò tíntín tó ń fò nínú irun, tó ń mu ẹ̀jẹ̀, ni afurasí àkọ́kọ́. Bí ara ajá kò bá gba itọ́ wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n bá tu sí i lára tó láti mú un yún fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, pé ẹ tú irun rẹ̀ títí tí ẹ kò rí kòkòrò kò sọ pé wọn kò sí níbẹ̀. Àpò kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí rẹ̀ náà lè kún, kó máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ní ti ajá àgbà, oríkèé tó ń ro ó lè wà lábẹ́ ibi tó ń lá. Bó bá sì jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń lá, tí itọ́ ti sọ irun ibẹ̀ di pupa rúsúrúsú, ẹ fura sí ohun tí ara rẹ̀ kò gbà: eruku, koríko, tàbí oúnjẹ, pàápàá ẹran màálù, wàrà àti adìẹ.

Ìtọ́jú egbò fúnra rẹ̀ kò le. Wọ́n á fá irun tó yí i ká títí dé ibi tí awọ ti dá, torí egbò tó wà lábẹ́ irun sábà máa ń fẹ̀ ju èyí tó hàn lọ. Wọ́n á fi chlorhexidine, oògùn tó ń pa bakitéríà, fọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á sì fi kọ́là fífẹ̀ bí àrọ sí ajá lọ́rùn kí ẹnu rẹ̀ má baà débẹ̀. Dókítà lè fún un ní oògùn tó ń dá yíyún dúró. Bí bakitéríà kò bá tíì wọ inú awọ lọ, kì í ṣe dandan kó lo àǹtíbáyọ́tíìkì. Ẹ kàn ṣọ́ra nígbà ìfárun: ó ń dun ajá gan-an, èyí tó níwà tútù pàápàá lè bu yín jẹ.

Ohun tí àwa ń dà sí i ló ń ba nǹkan jẹ́. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì dà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, kẹrosíìnì, ota-píá-píá: àwọn èèyàn ń fi wọ́n pa ajá lára, wọ́n sì gbàgbé pé ahọ́n ajá ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá fi pa á, yóò lá a. Dichlorvos inú ota-píá-píá lè mú kí ajá máa da itọ́, kó máa gbọ̀n, kí èémí rẹ̀ há, kó sì kú. Ìpara ọmọdé tó ní zinc oxide kò dára fún un láti lá. Paracetamol àti ibuprofen tí ẹ̀yin ń lò, ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà.

Ọ̀tọ̀ ni ti ajá tó ń lá ojú kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀ iwájú fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí awọ ibẹ̀ fi le, tó yọ kókó, tí irun kò hù mọ́. Ìrora oríkèé lè fà á, yíyún lè fà á. Ṣùgbọ́n ní 1992, Judith Rapoport, oníṣègùn ọpọlọ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ọpọlọ ti ìjọba Amẹ́ríkà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn fún irú ajá bẹ́ẹ̀ ní clomipramine àti fluoxetine, irú oògùn tí wọ́n ń fún èèyàn tó ń fọwọ́ léraléra láìlè dáwọ́ dúró. Lílá náà dín kù, èyí tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ ti ọpọlọ. Ajá tí a so mọ́ ẹnu géètì láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí a kì í bá ṣeré, kí ni kó fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe?

Bó bá wá jẹ́ ilẹ̀, ògiri àti àga ló ń lá ńkọ́? Ní Yunifásítì Montréal ní Kánádà, wọ́n yẹ ajá 19 tó ní ìwà yìí wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2012. Àìsàn inú ni wọ́n bá lára 14 nínú wọn. Nígbà tí wọ́n tọ́jú inú, ọ̀pọ̀ nínú wọn dín lílá kù.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbé ajá lọ sí ilé-ìwòsàn ẹranko, yálà ti Yunifásítì Ìbàdàn, ti FUNAAB ní Abẹ́òkúta, tàbí ti dókítà àdúgbò yín, ẹ múra láti sọ ohun tó ń jẹ, ìgbà tó wẹ̀ kẹ́yìn àti ibi tó ń sùn. Ẹ sì ti fi fóònù ya fídíò rẹ̀ nílé níbi tó ti ń lá ara, nítorí bí ajá mìíràn bá ti dé ọgbà ilé-ìwòsàn, ẹ̀rù kì í jẹ́ kó rántí ohun tó ń yún un.