Bí Ọkọ̀ Bá Ń Dún, Ẹ Bi Í Pé Ìgbà Wo Ló Ń Dún

Púpọ̀ nínú wa ló ń fi owó ẹ̀yáwó ra ọkọ̀ tàbí tún un ṣe. Àwọn tí kò sì ní ọkọ̀, ọkọ̀ ẹlòmíì ló ń gbé ẹrù wọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa.

Ní ọjọ́ kan, mo bá ọkọ̀ tó kó iṣu láti Òmù-Àràn lọ sí Ìlọrin. A kò tíì dé Àjàṣẹ́-Ìpo tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀. Dírẹ́bà ní ṣọ́kábúsọ́bà ni, òun yóò ra tuntun tí a bá dé Ìlọrin. Ìyá tó ni iṣu bi í pé, “Ọmọ mi, ọjọ́ wo ló ti ń dún?” Ó ní, “Àná ni, mà, lẹ́yìn tí wọ́n bá mi pààrọ̀ táyà.” Ìyá ní kó dúró kíá. Nígbà tí a wò ó, nọ́ọ̀tì táyà ti tú, ọwọ́ lásán la fi ń yí méjì nínú wọn. Sípánà ló parí ọ̀rọ̀ náà. Bí a kò bá dúró ni, táyà ì bá yọ, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí à bá máa sọ lónìí.

Ìbéèrè ìyá yẹn ni ẹ̀kọ́ wa. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo tó ṣàjèjì, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù inú búùtù àti abẹ́ àga kúrò. Nígbà mìíràn, jáàkì tàbí ìgò lásán ló ń yí kiri.

2. Ẹ dúró sójú kan, kí jíà wà ní fíríì, kí ẹ tẹ iná. Bí ó bá dún, ẹ wo ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì àti sàlẹ́ńsà. Bí kò bá dún, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

3. Ẹ wà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ níbi tí ọkọ̀ kò pọ̀. Kí ẹlòmíì máa tẹ́tí; ojú ọ̀nà ni kí dírẹ́bà máa wò.

Bí ó bá ń dún bí irin tó ń ha irin nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, páàdì ti jẹ tán. Bí ó bá ń hùn wùù, tó ń pọ̀ sí i bí eré ti ń pọ̀, ó lè jẹ́ bẹ́rìn, ìyẹn ọta irin tí táyà fi ń yí, tàbí táyà tó jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá pọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá yà sọ́tùn-ún, ẹ fura sí bẹ́rìn apá òsì, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù tẹ̀ sí. Bí ó bá ń dún kà-kà-kà tí ẹ bá ṣẹ́ kọ́nà tán pátápátá, oríkèé ṣáàfù iwájú ni. Àwọn ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà ló ń ṣe èyí. Peugeot 504 àtijọ́ kò sí nínú wọn, ẹ̀yìn ló ti ń gba agbára. Bí ó bá jẹ́ inú kòtò nìkan ló ti ń dún, ẹ wo ṣọ́kábúsọ́bà, búṣì àti bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì.

Nọ́ọ̀tì tó tú, irin tó ń ha irin, àti bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì tó ti mì, ẹ má ṣe fi wọ́n rìn dé ọjà. Bí ẹ bá pààrọ̀ táyà, ẹ tún nọ́ọ̀tì fún lẹ́yìn ìrìn bíi kìlómítà 50 sí 100. Bí ẹ bá fún ọ̀kan, ẹ bọ́ sí èyí tó dojú kọ ọ́, ẹ má tò ó yípo.

Kí ẹ tó lọ bá mẹkáníìkì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó ń dún, ìgbà tí kì í dún. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Bí ó bá sì pààrọ̀ nǹkan, ẹ gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wò ó.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọlọ́run yóò máa gbé wa lọ, yóò máa gbé wa bọ̀ o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́