Ìfarakanrin Okùn Gìtá Oníná: Orúkọ Rẹ̀, Ìdí Rẹ̀ àti Àtúnṣe Rẹ̀

1. Ìfáárà

Gìtá oníná mànàmáná ti pẹ́ nínú orin Yorùbá. Ó wà nínú ẹgbẹ́ jùjú, ó wà ní ilé ìjọsìn, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ni ní orin sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Síbẹ̀, èdè tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nípa àìsàn rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀. Bí okùn rẹ̀ bá ń kùn, bí ó bá ń gbọ̀n, bí ó bá ń gbá irin, gbólóhùn kan ṣoṣo náà ni ó sábà máa ń jáde lẹ́nu: 'Ó ń pariwo.' Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé nǹkan kò dára, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àpẹẹrẹ kan ni ọ̀rọ̀ àyálò náà, nọ́ọ̀tì. Lórí gìtá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe nǹkan méjì tí kò bára tan: ègé eegun tàbí ike tí okùn gbé orí lé ní ìsàlẹ̀ orí gìtá, àti nọ́ọ̀tì onírin tí wọ́n fi ń fún ọ̀pá tí ó gba inú ọrùn gìtá kọjá. Ẹni tí ìwé bá sọ fún pé nọ́ọ̀tì ni ó fa ariwo, tí ó sì ti mọ nọ́ọ̀tì mọ́ bóòtù ọkọ̀, yóò mú súpánà, yóò sì fún ọ̀pá inú ọrùn. Fífún un a máa sún ọrùn sẹ́yìn, okùn á sún mọ́ irin sí i, ariwo á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá fún un kọjá ààlà, ọ̀pá lè já, tàbí kí ẹnu nọ́ọ̀tì rẹ̀ bó. Owó àtúnṣe irú ọrùn bẹ́ẹ̀ lè ju owó gìtá náà lọ. Orúkọ tí kò dá nǹkan yà sí ara wọn ni ó fa gbogbo èyí.

Àpilẹ̀kọ yìí dá lé ariwo tí ń ti ara okùn àìfọwọ́tẹ̀ jáde. Stratocaster, tí ilé-iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1954, ni àpẹẹrẹ tí wọ́n mú lò nínú rẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ ti di mímọ̀ káàkiri, ọ̀pọ̀ gìtá olówó pọ́ọ́kú sì jẹ́ àwòkọ rẹ̀.

2. Ẹ̀yà ara gìtá àti orúkọ wọn

Àwọn ẹ̀yà tí ó hàn gbangba kò fa àríyànjiyàn: orí, ọrùn àti ara. Okùn pẹ̀lú ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀ láti ìgbà gòjé àti mọlo. Òótọ́ ni pé àwọn olórin mìíràn ń pè é ní wáyà, ṣùgbọ́n wáyà iná wà nínú àpótí gìtá oníná. Nítorí náà, ó yẹ kí okùn jẹ́ okùn, kí wáyà sì jẹ́ wáyà.

Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn ni irin-ìdábùú. Èyí tí ó sún mọ́ orí jù lọ ni ìkìn-ín-ní. Ègé tí okùn gbé orí lé kí ó tó wọ ojú ọrùn ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní ìrọ̀rí. Àwọn kan lè dábàá ìgbékùn, nítorí pé ó ń gbé okùn, ṣùgbọ́n ohùn díẹ̀ ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbèkùn, ìwé tí kò bá sì ní àmì ohùn yóò sọ okùn gìtá di ẹrú. Ìrọ̀rí kò ní irú ìṣòro yìí. Ibi tí wọ́n gbẹ́ sí ojú rẹ̀ kí okùn lè jókòó ni ipa okùn.

Ní òdìkejì, lórí ara gìtá, ni afárá wà. Orí afárá Stratocaster ni gàárì mẹ́fà wà, okùn kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Sùkúrù kéékèèké méjì ni wọ́n fi ń gbé gàárì kọ̀ọ̀kan sókè tàbí sísàlẹ̀. Ọ̀pá irin tí ó wà nínú ọrùn ni ọ̀pá-ìtọ́rùn, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́ ọrùn. Bí ọrùn bá tẹ̀ díẹ̀ síwájú, gẹ́gẹ́ bí ọrun ọdẹ, èyí ni ìtẹ̀ ọrùn. Bí ó bá tẹ̀ sẹ́yìn tí àárín rẹ̀ ga sókè, ọrùn ti yọ iké nìyẹn.

Ó ku okùn tí ìka kò tẹ̀. Ìtumọ̀ olówuuru ni okùn ṣíṣí, ó sì lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé okùn tí wọ́n tú ni. Okùn àìfọwọ́tẹ̀ gùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò ṣini lọ́nà.

3. Bí okùn ṣe ń ró

Láti ìrọ̀rí dé gàárì, okùn Stratocaster gùn tó mílímítà 648. Bí wọ́n bá ta okùn kẹfà, èyí tí ó nípọn jù, láìfọwọ́tẹ̀ ẹ́, yóò mì lọ mì bọ̀ ní nǹkan bí ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn kìn-ín-ní yóò mì ní nǹkan bí ìgbà 330. Àárín okùn, lókè irin-ìdábùú kejìlá, ni mímì náà ti gbòòrò jù. Okùn nílò àyè láti mì. Bí ojú ọrùn bá gún régé tí okùn sì sún mọ́ ọn jù, okùn yóò máa gbá irin bí ó ti ń mì. Gbígbá yìí gan-an ni ìfarakanrin.

Kókó kan wà tí gbogbo ìwádìí dá lé. Bí ìka bá tẹ okùn mọ́ irin-ìdábùú kan, irin náà ni okùn ń gbé orí lé láti ìgbà náà lọ. Ìrọ̀rí kò sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́. Nítorí náà, ariwo tí ó bá wà lórí okùn àìfọwọ́tẹ̀ nìkan, tí ó sì ń dákẹ́ ní kété tí ìka bá ti tẹ okùn níbikíbi, apá ìrọ̀rí ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

4. Ariwo mẹ́ta tí kì í ṣe ọ̀kan náà

Èkíní ni kíkùn. Èyí máa ń dún bí oyin inú agbọ̀n, yálà wọ́n ta okùn tàbí wọn kò ta á. Iná mànàmáná ni ó ń fà á: ẹ̀rọ agbóhùn tí ó wà lábẹ́ okùn ń gba ipa iná tí ó wà nítòsí, ẹ̀rọ agbéhùnsókè, tí àwọn olórin ń pè ní áńpílífáyà, sì ń sọ ọ́ di ńlá. Ní Nàìjíríà, tí iná ìlú ń yí padà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 50 àti 100 ni ìró yìí sábà máa ń jẹ́. Bí wọ́n bá fi àtẹ́lẹwọ́ pa okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́nu mọ́ tí ohùn náà sì ń bá a lọ, tàbí tí ó kàn rọlẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ iná ni, kì í ṣe ti okùn.

Èkejì ni gbígbọ̀n. Sùkúrù tí kò le, nọ́ọ̀tì ìlọ́kùn tí ó ti dẹ̀, tàbí ọ̀pá-ìtọ́rùn tí kò di nǹkan mú lè máa gbọ̀n nígbà tí ohùn kan pàtó bá dún. Wọ́n ń mọ̀ ọ́n nípa fífi ìka kan ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan nígbà tí okùn ń ró: èyí tí ìka bá kàn tí ariwo bá dákẹ́ ni ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìfarakanrin fúnra rẹ̀. Gbọ́ ọ láìtan áńpílífáyà, kí o tún gbọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìfarakanrin díẹ̀ tí kò gba inú áńpílífáyà jáde kì í ba orin jẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n onígìtá sì ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí okùn má baà jìnnà sí ìka.

5. Ìwádìí ìdí rẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan irinṣẹ́, kí okùn jẹ́ irú èyí tí olórin náà ń lò, kí ohùn wọn sì ti pé. Okùn tí ó tín-ín-rín ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kò fa ọrùn tó bẹ́ẹ̀, ọrùn lè tìtorí bẹ́ẹ̀ sún sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìfarakanrin ni ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ okùn.

Ìwádìí ọrùn ni ó ṣáájú. Wọ́n yóò fi ìdìmú tí à ń pè ní kápò di okùn mọ́ irin-ìdábùú kìn-ín-ní, wọ́n yóò tẹ okùn kẹfà mọ́ irin tí ó kẹ́yìn, wọ́n yóò sì wọn àlàfo tí ó wà láàárín okùn àti irin kẹjọ. Pẹlẹbẹ irin tí mẹkáníìkì fi ń wọn àlàfo pọ́lọ́ọ̀gì dára fún iṣẹ́ yìí. Fún ọ̀pọ̀ Stratocaster òde òní, Fender fi í sí nǹkan bí mílímítà 0.25. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ọrùn ti gún jù tàbí ó ti yọ iké. Irú ọrùn bẹ́ẹ̀ a máa fa ariwo lórí okùn àìfọwọ́tẹ̀ àti lórí àwọn irin àkọ́kọ́ pẹ̀lú.

Ìwádìí ìrọ̀rí ni ó tẹ̀lé e. Kí wọ́n tẹ okùn láàárín irin kejì àti ìkẹta, kí wọ́n sì wo òkè irin kìn-ín-ní. Àlàfo bíńtín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìka kan okùn lókè irin náà, yóò dún 'tí' wẹ́rẹ́. Bí okùn bá ti sùn lé irin náà, tí kò sì dún, ipa okùn ti jìn jù.

Nígbà mìíràn, ipa okùn kò jìn, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò dára. Etí ìrọ̀rí tí ó kọjú sí ọrùn ni ó yẹ kí ó ga jù, kí ìyókù sì dagun lọ síhà orí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, okùn á máa gbọ̀n nínú ipa rẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì dà bí ti sítà àwọn ará Íńdíà. Bákan náà ni okùn tí wọn kò lọ́ tó ní ẹsẹ̀ ìlọ́kùn: kò ní tẹ ìrọ̀rí mọ́lẹ̀ dáadáa.

Paríparí rẹ̀, bí ariwo bá wà lórí okùn àìfọwọ́tẹ̀ àti lórí gbogbo irin, gàárì ni ó relẹ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo lórí ọrùn ni, irin-ìdábùú kan ti ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

6. Àtúnṣe

Bí ó bá jẹ́ ọrùn, wọ́n yóò dẹ ọ̀pá-ìtọ́rùn. Ìdámẹ́rin yíyí kan ni kí wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tún ohùn okùn ṣe, kí wọ́n sì tún wọn àlàfo kí wọ́n tó yí i sí i. Igi ni ọrùn. Ó ń gba omi, ó sì ń sọ ọ́ nù. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí wọ́n tún un wọ̀n nígbà tí òjò bá wọlé àti nígbà tí ọyẹ́ bá dé.

Bí ó bá jẹ́ ipa okùn ni ó jìn jù, ègé bébà kékeré lábẹ́ okùn yóò fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀: bí ariwo bá dákẹ́, a ti mọ ọ̀dáràn. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ni bébà, kì í ṣe ìwòsàn. Àtúnṣe tí ó lè pẹ́ díẹ̀ ni kí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú eegun àti súpà gúlúù dí ipa náà, kí wọ́n sì fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ gbẹ́ ẹ padà. Èyí tí ó dára jù lọ ni ìrọ̀rí tuntun. Eegun màlúù ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ fẹ́ràn. Kí ẹni tí ń gbẹ́ ẹ rántí pé fáìlì ń mú kúrò ni, kò lè dá padà.

7. Ìdí tí gàárì kò fi lè wo àrùn ìrọ̀rí

Ọ̀pọ̀ olórin ni ó ń gbé gàárì sókè nígbàkígbà tí wọ́n bá gbọ́ ariwo. Ìṣirò fi hàn pé asán ni fún àìsàn ìrọ̀rí. Láti ìrọ̀rí dé irin-ìdábùú kìn-ín-ní jẹ́ mílímítà 36.4 nínú 648. Bí gàárì bá ga sókè ní mílímítà 1, okùn yóò ga ní 36.4 ÷ 648, ìyẹn 0.056 péré, lókè irin náà. Bí ó bá jẹ́ ìrọ̀rí ni ó ga ní mílímítà 1, okùn yóò ga ní 0.944 níbẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́tàdínlógún.

Ká ní mílímítà 0.2 ni okùn nílò lókè irin kìn-ín-ní. Gàárì yóò ní láti ga tó nǹkan bí 3.6 kí ó tó pèsè rẹ̀, okùn yóò sì ti fi 1.8 ga sí i lókè irin kejìlá. Bẹ́ẹ̀, 1.6 ni gbogbo gíga tí Fender ń fi okùn sí lókè irin kẹtàdínlógún lórí ọ̀pọ̀ gìtá rẹ̀. Ìka kò ní lè tẹ irú okùn bẹ́ẹ̀ láìjẹ̀rora, ohùn rẹ̀ yóò sì yẹ̀ bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́.

8. Àkójọ ọ̀rọ̀

Afárá: ibi tí okùn dúró lé lórí ara gìtá.
Gàárì: ìjókòó okùn kọ̀ọ̀kan lórí afárá.
Gbígbọ̀n: ariwo ẹ̀yà tí kò le.
Iké ọrùn: títẹ̀ ọrùn sẹ́yìn.
Ìfarakanrin: gbígbá tí okùn ń gbá irin-ìdábùú bí ó ti ń mì.
Ìlọ́kùn: ohun tí wọ́n fi ń lọ́ okùn kí ohùn rẹ̀ lè pé.
Ipa okùn: ibi tí wọ́n gbẹ́ fún okùn lójú ìrọ̀rí.
Irin-ìdábùú: irin tí ó dábùú ojú ọrùn.
Ìrọ̀rí: ègé tí okùn gbé orí lé láàárín orí àti ọrùn.
Ìtẹ̀ ọrùn: títẹ̀ ọrùn díẹ̀ síwájú.
Kíkùn: ariwo tí iná mànàmáná ń fà.
Okùn àìfọwọ́tẹ̀: okùn tí ó ń ró láìsí ìka lórí rẹ̀.
Ọ̀pá-ìtọ́rùn: ọ̀pá irin inú ọrùn.

9. Ìgúnlẹ̀

Àyálò kò burú nínú èdè-ìperí; gìtá fúnra rẹ̀ jẹ́ àyálò, kò sì sí ẹni tí ó ń bá a jà. Èyí tí ó burú ni àyálò tí ó so nǹkan méjì pọ̀ níbi tí ìwòsàn ọ̀kan ti jẹ́ ìparun èkejì. Nọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ìrọ̀rí mọ́. Kí ó máa jẹ́ ti súpánà nìkan. Bí olùkọ́ bá lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti béèrè bóyá okùn ń kùn, tàbí ó ń gbọ̀n, tàbí ó ń fara kan irin, ó ti fún un ní ìdajì àtúnṣe kí ó tó mú irinṣẹ́ kankan lọ́wọ́.