Ìtúpalẹ̀ Skíímà Dátábéèsì sí Ìhun Ìsọfúnni: Àpẹẹrẹ láti Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ìfáárà

Skíímà ni àkọsílẹ̀ tí ó sọ irú ohun tí dátábéèsì kan yóò gbà sínú: àwọn àtẹ tí ó wà níbẹ̀, òpó tí àtẹ kọ̀ọ̀kan ní, irú ìsọfúnni tí òpó kọ̀ọ̀kan lè gbà, àti bí àtẹ kan ṣe ń tọ́ka sí òmíràn. Lójú ènìyàn, àkọsílẹ̀ yìí ní ìtumọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀wọ́ àmì lásán ni, títí tí ẹ̀yà ètò kan tí a ń pè ní atúpalẹ̀ yóò fi kà á, tí yóò sì sọ ọ́ di ìhun tí ètò mìíràn lè lò. Iṣẹ́ atúpalẹ̀ yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé, pàápàá jù lọ ibi tí ó ti lè sọ ohun tí ó wà nínú skíímà nù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ní 1970, E. F. Codd ti ilé-iṣẹ́ IBM tẹ ìwé rẹ̀ lórí títo ìsọfúnni sínú àtẹ jáde. Ní 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ti ilé-iṣẹ́ kan náà gbé èdè SEQUEL jáde, èyí tí a wá mọ̀ sí SQL. Ọdún 1986 ni àjọ ANSI fi òǹtẹ̀ lù ú ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, bí ẹ̀ka-èdè Ẹ̀gbá ṣe yàtọ̀ sí ti Ìjẹ̀bú bẹ́ẹ̀ náà ni SQL ti Oracle ṣe yàtọ̀ sí ti PostgreSQL àti ti MySQL. Atúpalẹ̀ tí ó bá gbọ́ ọ̀kan lè máà gbọ́ èkejì.

Láti ọ̀wọ́ àmì sí wúnrẹ̀n

Abẹ́òkúta, tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó ní 1830 lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, dára fún àpẹẹrẹ, nítorí pé ìlú púpọ̀ ni ó parapọ̀ di ọ̀kan níbẹ̀. Ẹ̀gbá Aláké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu ni ẹkùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kémta àti Ìtókò jẹ́ ti Ẹ̀gbá Aláké, Ìkìjà jẹ́ ti Òkè-Ọnà, Ìlúgùn sì jẹ́ ti Gbágùrá. Ẹni tí ó bá fẹ́ to ìlú àti oyè Ẹ̀gbá sínú dátábéèsì lè bẹ̀rẹ̀ báyìí:

CREATE TABLE ilu (oruko VARCHAR(20) PRIMARY KEY, ekun VARCHAR(20) REFERENCES ekun (oruko));

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a gé ọ̀wọ́ àmì yìí sí wúnrẹ̀n: CREATE, TABLE, ilu, àkámọ́, oruko, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ yìí dàbí ohun tí kò le, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ àtẹ kan ní Oke-Ona láì fi àmì àyọlò sí i, wúnrẹ̀n mẹ́ta ni yóò jáde: Oke, àmì ìyọkúrò, àti Ona, bí ẹni pé ìṣirò ni a fẹ́ fi yọ Ọnà kúrò lára Òkè.

Lẹ́yìn èyí ni ìhun. Gírámà SQL sọ pé gbólóhùn tí ó dá àtẹ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní CREATE TABLE, orúkọ, àti ọ̀wọ́ òpó nínú àkámọ́, gẹ́gẹ́ bí gírámà Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àpólà orúkọ àti àpólà ìṣe. Ọ̀nà tí ó rọrùn ni kí a kọ fọ́ńṣọ̀n kan fún òfin kọ̀ọ̀kan, kí èyí tí ó ń ka àtẹ máa pe èyí tí ó ń ka òpó. Irinṣẹ́ bí i Yacc, tí Stephen Johnson kọ ní Bell Labs ní àwọn ọdún 1970, lè ti inú gírámà ṣẹ̀dá atúpalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún èdè kékeré bí èdè skíímà, èyí tí a fọwọ́ kọ tẹ́rùn jù, nítorí pé ó rọrùn láti mú un sọ ìlà tí àṣìṣe wà fún òǹlò.

Àwòrán igi tó fún gbólóhùn, kò tó fún skíímà. Bí àtẹ olóyè bá ń tọ́ka sí ìlú, tí àtẹ ìlú náà sì ń tọ́ka sí olóyè tí ó jẹ́ olórí rẹ̀, igi ti di àwọ̀n nìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni atúpalẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn ín. Ní ìrìn àkọ́kọ́, orúkọ lásán ni ìtọ́ka. Ní ìrìn kejì, a ó wá so orúkọ kọ̀ọ̀kan mọ́ àtẹ tí ó ni ín.

Kọ́kọ́rọ́ àti oyè

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo ni ó ní Balógun tàbí Olúwo. Balógun Ìtókò kì í ṣe Balógun Kémta. Orúkọ oyè nìkan kò lè dá olóyè mọ̀. Ìlú àti oyè pa pọ̀ ni kọ́kọ́rọ́, èyí tí a ń kọ báyìí: PRIMARY KEY (ilu, oye). Ó rọrùn kí ẹni tí ń kọ atúpalẹ̀ ya àyè kan ṣoṣo sọ́tọ̀ fún kọ́kọ́rọ́ nínú ìhun rẹ̀, nítorí pé òpó kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ àtẹ fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, oye ni yóò gbẹ̀yìn wọ àyè náà, ilu yóò sì dàwátì. Atúpalẹ̀ kò ní kígbe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìhun yìí bá ń kó àkọsílẹ̀ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, Balógun kejì yóò gorí ti àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta yóò gorí ẹ̀kejì, títí tí Balógun kan ṣoṣo yóò fi ṣẹ́kù fún gbogbo Ẹ̀gbá.

Ewu tí ó jọ èyí wà nínú fáìlì tí pg_dump ti PostgreSQL ń tú jáde. Kì í kọ kọ́kọ́rọ́ sínú CREATE TABLE rárá. Ìsàlẹ̀ fáìlì ni ó ń kó wọn sí, nínú gbólóhùn ALTER TABLE. Atúpalẹ̀ tí CREATE TABLE nìkan yé yóò mú àtẹ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan jáde.

Àmì ohùn

Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, a kọ ekun láìsí àmì, kò sì sí ohun tí ó sọ bóyá ẹkùn ni tàbí ẹkún. Kò yẹ kí Yorùbá máa bọ́ àmì sílẹ̀ kí ó tó wọ inú kọ̀ǹpútà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn ìlànà ìgélẹ́tà tí ó wọ́pọ̀ kò ro ti Yorùbá. Ní Python, àmì \w gba Ẹ, ṣùgbọ́n kò gba àmì ohùn tí ó dá dúró lórí rẹ̀, nítorí náà yóò gé Ẹ̀gbá sí méjì.

Lójú Yorùbá, lẹ́tà mẹ́ta ni Ẹ̀gbá: ẹ, gb, a. Nínú Unicode, ó lè jẹ́ àmì márùn-ún bí a bá kọ ọ́ ní ìlànà NFC, tàbí méje ní ìlànà NFD. Ní UTF-8, ó jẹ́ báìtì 9 tàbí 10. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń fi báìtì wé báìtì yóò sọ pé orúkọ méjì ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ Olúfúnmiláyọ̀, èyí tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ń jẹ́, ẹni tí ó ṣíwájú àwọn obìnrin Abẹ́òkúta nínú ìjà owó-orí ní àwọn ọdún 1940. Báìtì 19 ni ní NFC, báìtì 22 ní NFD. PostgreSQL ń ka VARCHAR(20) sí ogún àmì. Oracle, bí a kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un, ń kà á sí ogún báìtì. Nínú Oracle, nígbà náà, orúkọ kan náà yóò wọlé lónìí láti orí kọ̀ǹpútà kan, a ó sì kọ̀ ọ́ lọ́la láti orí òmíràn. Nítorí náà, kò tó kí ìhun ìsọfúnni di 20 mú. Ó gbọ́dọ̀ di ohun tí a fi ń ka 20 náà mú pẹ̀lú. Bákan náà, atúpalẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ gbogbo fáìlì di NFC kí ó tó gé wúnrẹ̀n, kí ó sì tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ bí ó ti rí.

Ọ̀nà kan wà láti dán irú atúpalẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò: kí a ti inú ìhun kọ skíímà padà ní SQL, kí a tún un túpalẹ̀, kí a sì fi ìhun méjèèjì wéra. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí a ṣe é, kí fáìlì kan jẹ́ NFC, kí èkejì jẹ́ NFD. Ṣùgbọ́n ìdánwò yìí kò lè rí ohun tí atúpalẹ̀ kò kà rárá. Ti kọ́kọ́rọ́ inú ALTER TABLE, àfi kí a ka iye wọn nínú fáìlì, kí a sì ka iye tí ó dé inú ìhun.