Ọ̀rọ̀ Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ Wa Tí Ń Kọ́ Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì

Àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n kí àwọn òbí wọn náà tẹ́tí sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ilé.

Bí ọmọ bá ti gbé aṣọ funfun wọ̀ báyìí, kíá ni àdúgbò ti sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì. Ìyá kan á na apá pé kí ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru òun. Ní ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn á gbé abẹ́rẹ́ wá pé kí ó gún òun. Inú òbí á sì máa dùn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ yìí títí yóò fi yege ìdánwò Ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, tí orúkọ rẹ̀ yóò sì wọ ìwé wọn. Ohun tí ó ń ṣe ní wọ́ọ̀dù, lójú olùkọ́ ni. Bí abẹ́rẹ́ inú yàrá bá wá di wàhálà, ta ni yóò dúró tì í? Èyí tí ó bá lè fi ọ̀wọ̀ wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, n kò tíì ní àṣẹ, ẹ jẹ́ kí n sìn yín dé ilé ìwòsàn," òun ni ó ti ń di nọ́ọ̀sì.

Tíṣà ni Kofoworola Abeni Pratt kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1946. Aláìsàn kan kọ̀ ọ́ níbẹ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kò tìtorí èyí fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1964, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di Métírọ̀n ní UCH, Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí aláìsàn ti wò bí àlejò rí, ẹ mọ ohun tí a ń wí.

Iṣẹ́ yìí a sì máa jẹ ẹni. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé to àmì àárẹ̀ tí iṣẹ́ ń dá síni lára: okun á tán, ọkàn á kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹni náà á sì máa rò pé ọwọ́ òun kò ká a mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì kan tí ń jágbe mọ́ aláboyún, ó ti rẹ̀ wọ́n tán ni. (A kò gbè wọ́n o.) Àwọn dókítà pàápàá pẹ́ kí wọ́n tó gbà: ìbúra tí ẹgbẹ́ wọn ní àgbáyé ṣe ní Geneva ní 1948, ọdún 2017 ni wọ́n tó fi kún un pé kí dókítà tọ́jú ara tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ òru, ẹ má rán an lọ sọ́jà láàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sùn. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí abẹ́rẹ́ tí a ti lò bá gún yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ọ̀gá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ó bá sì ti yá tó ni ó ti dára tó. Ìbẹ̀rù ìbáwí ni ó ń mú àwọn kan pa á mọ́ra títí àkókò yóò fi lọ.