Ṣé Ẹ̀kan Ni? Ẹ Yẹ Ilẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Bí ẹ bá fẹ́ háyà ilẹ̀ tuntun tàbí kí ẹ pe katakata, ẹ kọ́kọ́ wo irú koríko tó wà níbẹ̀. Àwọn Haúsá ń pe ẹ̀kan ní tofa, àwọn Ígbò ń pè é ní ata. Láti òkèèrè, ó jọ ọ̀pọ̀ koríko mìíràn. Ohun mẹ́rin yìí ni ẹ ó fi dá a mọ̀:

1. Ewé: Ìlà funfun inú ewé ẹ̀kan kì í sábà wà láàárín gan-an, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń sún sí. Ti Guinea grass máa ń wà láàárín.

2. Ìdí: Ewé ẹ̀kan ń yọ tààrà láti inú ilẹ̀, káàkiri oko. Guinea grass máa ń ṣù jọ lójú kan.

3. Òdòdó: Ó funfun, ó rọ̀ bí òwú. Ó sábà máa ń yọ lẹ́yìn tí iná bá jó oko. Bí ẹ kò bá rí òdòdó, ẹ má tíì sọ pé kì í ṣe ẹ̀kan.

4. Gbòǹgbò: Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́lẹ̀. Gbòǹgbò ẹ̀kan funfun, ó ní oríkèé bí ìrèké, orí rẹ̀ sì mú ṣóńṣó. Òun ló máa ń gún iṣu àti ẹ̀gẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n á fi jẹrà.

Gbòǹgbò yìí ni wàhálà. Iná kì í pa á. Bí katakata bá sì gé e sí wẹ́wẹ́, èyí tó bá ní oríkèé lè tún hù. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú fi lè wọ́n ju ilẹ̀ olówó ńlá lọ tí ẹ bá ṣírò owó oko ríro mọ́ ọn.

Bó bá jẹ́ ẹ̀kan ni, ẹ fi owó oko ríro dúnàá-dúràá pẹ̀lú onílẹ̀. Ẹ lè fọ́n oògùn apakoríko tó ní glyphosate sí ewé tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, kí ẹ tó gbin nǹkan. Ẹ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́. Bí ẹ bá lè fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún sáà kan, ẹ gbin mucuna, ìbátan wèrèpè tí kì í yún ni, kó bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin ṣe sí ẹ̀kan nìyẹn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbẹ́ ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ilẹ̀ náà wò. Ọkọ́ nìkan ló ń bá a.