Rùwáńdà ń kúrò lápá Arsenal: ta ni ìpolówó náà mú wá?

Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní tuntun létí àwọn olólùfẹ́ Arsenal. "Visit Rwanda" tó ti wà lápá aṣọ wọn láti ọdún 2018 yóò kúrò níbẹ̀ bí sáà 2025/26 bá parí. Ogun àwọn ọlọ̀tẹ̀ M23, tí wọ́n ní Rùwáńdà ń tì lẹ́yìn, ní ìlà-oòrùn Kóńgò, lẹ́tà tí ìjọba Kinshasa kọ sí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ariwo tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà fúnra wọn pa, gbogbo rẹ̀ la ti gbọ́. Ìbéèrè owó ni èmi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó tì. Àwọn oníròyìn ní ó tó mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn lọ́dọọdún. Ṣé ó mú àlejò wá?

Àjọ RDB tó ń bójú tó ìdàgbàsókè Rùwáńdà ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n ní ìgbà mílíọ̀nù 35 ni ojú ń rí aṣọ Arsenal lójúmọ́ kárí ayé. Owó tí ìrìn-àjò afẹ́ mú wọlé ní 2019 jẹ́ mílíọ̀nù 498 dọ́là. Ní 2024, ó di mílíọ̀nù 647. Ó gbéra sókè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 nínú ti 2024 ló wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó lọ wo ìnàkí orí òkè, àwọn tí wọ́n ń san dọ́là 1,500 fún ìwé àṣẹ ẹyọ kan. Ẹni tó lè san irú owó bẹ́ẹ̀ ti ń gbèrò ìrìn-àjò rẹ̀ tipẹ́. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé apá Saka, ọmọ wa, ló rán an létí.

Bí o bá dúró ní pápákọ̀ òfurufú Kigali, tí o ń bi àlejò léèrè bóyá wọ́n rí ìpolówó náà, ọ̀pọ̀ á ní àwọn rí i. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn wà, nítorí ẹni tó ti pinnu láti lọ síbì kan ni ojú rẹ̀ ń tètè rí orúkọ ibẹ̀.

Ìwádìí kan lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò fi ohun tó jọ èyí hàn. Ní 1957, Danuta Ehrlich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò tuntun ní Minneapolis, l'Ámẹ́ríkà. Wọ́n gbé ìwé ìròyìn síwájú wọn, wọ́n ní kí wọ́n tọ́ka sí ìpolówó mọ́tò tí wọ́n rí àti èyí tí wọ́n kà. Ti mọ́tò tí wọ́n ti rà tán ni wọ́n ń kà, ju ti àwọn tí wọ́n gbé yẹ̀ wò tí wọn kò sì rà lọ. Owó ti kúrò lápò! Kí ni wọ́n tún ń wá níbẹ̀? Leon Festinger, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, tí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde lọ́dún kan náà, ní lẹ́yìn ìpinnu ńlá, ọkàn kì í balẹ̀ bọ̀rọ̀. Àléébù ohun tí a mú àti ẹwà ohun tí a fi sílẹ̀ á máa bá ara wọn jà nínú ẹni, a ó sì máa wá ẹlẹ́rìí tí yóò sọ pé a ṣe é re. Ẹni tó ti ra Corolla tòkunbọ̀ rí mọ bí Corolla ṣe máa ń kún títì lọ́sẹ̀ náà. Àwọn Ehrlich tún retí pé àwọn ọkùnrin yìí á máa sá fún ìpolówó mọ́tò tí wọn kò rà. Wọn kò sá. Abala yìí ni àwọn tó ń fi ìwádìí náà ṣe àpẹẹrẹ sábà máa ń fò.

Ọ̀nà kan tó dájú láti mọ ohun tí ìpolówó ń ṣe ni kí a mú un kúrò. Ní 2012, eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, dá ìpolówó orúkọ ara rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ aṣàwárí Yahoo àti ti Microsoft. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tí ìbá tẹ ìpolówó náà ló tún gba ojú ọ̀nà ọ̀fẹ́ wọlé. Ní Colorado, òdìkejì ni wọ́n sọ pé ó ṣẹlẹ̀. Àwọn ará ìpínlẹ̀ náà dìbò ní 1993, owó ìpolówó ìrìn-àjò afẹ́ sì dópin. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí Longwoods ní láàárín ọdún méjì, ìpín wọn nínú ọjà arìnrìn-àjò Amẹ́ríkà ti fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Ẹ rántí pé àwọn àjọ ìrìn-àjò afẹ́ ni oníbàárà Longwoods. Síbẹ̀, n kò lè da ẹ̀rí náà nù.

Lójú tèmi, méjèèjì lè jẹ́ òótọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ eBay. Ní 2018, ìpakúpa 1994 ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń rántí bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ Rùwáńdà. Bóyá iṣẹ́ tí aṣọ yẹn ṣe ni pé ó fi nǹkan mìíràn kún orúkọ náà. Ìyẹn kì í hàn nínú ìṣirò tíkẹ́ẹ̀tì.

A ò ní rí ìdánwò tó mọ́ látinú kíkúrò lápá Arsenal yìí ṣá. Láti oṣù kẹsàn-án 2025 ni Rùwáńdà ti bá àwọn ẹgbẹ́ eléré ìdárayá Clippers àti Rams ti Los Angeles dòwò pọ̀, àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú PSG sì ń lọ títí di 2028. Bí iye àlejò Kigali bá pọ̀ tàbí tó dínkù ní 2027, tí ẹnìkan sọ fún yín pé Arsenal ló fà á, ẹ bi í bó ṣe mọ̀.